Pèrègún Ààlà Nínú Ẹran Ara

Wọ́n pa iná tíátà. Kì í ṣe pé iná ọba ló lọ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa á. Àwọn àtùpà ńlá tó rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀dì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ku iná wínníwínní àwọn ẹ̀rọ tó ń ka mímí àti lílù ọkàn ọkùnrin tó sùn sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ahọ́n ló gbé e débẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa apá irin kan tó gbé kámẹ́rà dání wá sókè ẹnu rẹ̀. Gbogbo wọn gbójú kúrò lára aláìsàn, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ahọ́n náà rí bí eérú. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì ń tàn, àwọ̀ ewé tútù, bí ìgbà tí tanná-tanná bá bà sórí koríko lóru. Ibi tó ń tàn yẹn ni jẹjẹrẹ. Kí wọ́n tó pa iná, dókítà ti fi yíǹkì fa ìlà yí ibi tó fẹ́ gé ká. Nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ti ré ìlà kọjá. Bẹ́ẹ̀, ó ti fi ìka tẹ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò le. Ó ti wò ó, kò yàtọ̀ sí ahọ́n tó kù.

Wọ́n tan iná padà. Ó nu ìlà ti àkọ́kọ́, ó fa òmíràn síwájú díẹ̀ sí i.

Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń lọ nìyẹn láwọn ilé ìwòsàn yunifásítì tí wọ́n ti ń dán an wò ní Amẹ́ríkà àti ní Netherlands. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n ti fi dírípù fa oògùn kan sí aláìsàn lára: ántíbọ́dì tí wọ́n rẹ láró. Ántíbọ́dì ló mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ. Aró tó gbé dání ló ń tàn.

“Dókítà, ṣé ẹ kó o tán?”

Ṣàṣà ni aláìsàn jẹjẹrẹ tó lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí kò ní béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tí mo ti bá sọ ọ́ gbà pé kò sí ìbéèrè tó le lẹ́nu àwọn tó o, torí lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn náà kò tíì mọ̀. Ohun tí wọ́n lè sọ kò ju pé àwọn kó gbogbo ohun tí àwọn rí.

Ojú àti ìka ni irinṣẹ́ wọn láti ìgbà pípẹ́. Jẹjẹrẹ sábà máa ń le ju ẹran ara tó yí i ká lọ, ìka tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára bí ẹni ń tẹ àgbálùmọ̀ dúdú láàárín àwọn tó ti pọ́n. Àárín rẹ̀ kì í ṣòroó mọ̀. Etí rẹ̀ ni wàhálà.

Lóko, àwọn bàbá wa kì í fi ẹnu lásán pààlà. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn. Òjò ì báà rọ̀, kí igbó dí, kí ẹni tó ni ilẹ̀ kú, pèrègún á ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ lágbájá parí sí á lọ wá a kàn. Jẹjẹrẹ kì í gbin pèrègún. Ṣe ló máa ń ta gbòǹgbò tín-ín-rín wọ ilẹ̀ aládùúgbò, sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá níhìn-ín, ogún lọ́hùn-ún, kò sí ojú tó lè rí wọn láìsí máíkírósíkópù.

Nítorí náà, ilé àyẹ̀wò ni ìdájọ́ wà. Ẹran tí wọ́n gé jáde, onímọ̀ àyẹ̀wò á kun gbogbo ara rẹ̀ ní yíǹkì, á rẹ́ ẹ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, á wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá kan yíǹkì, a jẹ́ pé abẹ ti gba àárín jẹjẹrẹ kọjá, ìyókù ṣì wà lára aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ ni ìròyìn yìí ń dé. Ọ̀nà àyẹ̀wò kíákíá kan wà tí wọ́n fi ń mú ẹran dì bíi yìnyín, tí wọ́n sì ń wò ó kí aláìsàn tó jí, bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Àmọ́ ibi kéékèèké tí dókítà bá mú fún wọn nìkan ni wọ́n ń wò. Tí kò bá mú ibi tó yẹ ńkọ́?

Ní England, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé nínú obìnrin márùn-ún tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò lọ́mú wọn láìgé gbogbo ọmú, ọ̀kan ń padà wá fún iṣẹ́ abẹ mìíràn. England nìyẹn o, níbi tí ohun èlò wà.

Ẹnì kan lè ní, ṣé kí dókítà kúkú gé púpọ̀ nígbà kan náà ni? Nínú ọmú, bóyá. Nínú ahọ́n, bí ọ̀bẹ bá fi díẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ sísọ lè lọ, oúnjẹ gbígbémì lè lọ. Nínú ọpọlọ, ìwọ̀nba bí orí èékánná ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jí tó dárúkọ ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó jí tó ń wò ṣùù.

Aró tó mọ ẹni tó ń wá

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ronú kan tíátà rárá. Ní ọdún 1939, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, Albert Coons, lọ sí Berlin fún ìsinmi. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí ántíbọ́dì bá mọ kòkòrò àrùn kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ̀rún, kí ló dé tí èèyàn kò fi lè so aró tó ń tàn mọ́ ọn lára, kí ó máa fi ibi tó bá lọ hàn? Ní 1941, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harvard ṣe é fún kòkòrò tó ń fa òtútù àyà. Wàhálà kan wà: aró àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ń tàn búlúù, ẹran ara fúnra rẹ̀ náà sì ń tàn bíi búlúù bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá kàn án. Wọ́n ní láti lọ wá aró mìíràn, èyí tó ń tàn bí ewé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kí ni ántíbọ́dì gan-an? Ọmọ ogun inú ara ni. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, ara á rọ irú èyí tí orí rẹ̀ bá àmì ara kòkòrò yẹn mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe bá ihò àgádágodo mu. Èyí tí wọ́n rọ fún ibà kò mọ nǹkan kan nípa àrùn mìíràn. Ọdún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge, rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè máa rọ ẹyọ irú ántíbọ́dì kan ṣoṣo bí èèyàn bá ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1984.

Láti ibẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ bíi cetuximab ti wá. Ó ń so mọ́ àmì kan tí wọ́n ń pè ní EGFR, tí ó máa ń pọ̀ lára ọ̀pọ̀ jọ jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Oògùn ìwòsàn ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, Eben Rosenthal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó pé bí cetuximab bá mọ ilé jẹjẹrẹ, ó lè mú wa lọ síbẹ̀. Wọ́n so aró kan tó ń jẹ́ IRDye800CW mọ́ ọn. Aláìsàn méjìlá ni wọ́n kọ́kọ́ fún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Jẹjẹrẹ tàn.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kì í da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Cetuximab lásán tí kò ní aró ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìsàn díẹ̀, kí wọ́n rí i bóyá ara rẹ̀ á kọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni aláró á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dúró. Ántíbọ́dì tóbi, kì í yá lẹ́sẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mélòó kan rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, kí èyí tó rí ibi dúró sí dúró, kí èyí tí kò rí ibi kankan sì bá ìdọ̀tí lọ. Bí wọ́n bá yára jù, gbogbo ara á máa tàn. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, jẹjẹrẹ pàápàá á ti ṣókùnkùn. Àwọn ìyá aláró Òṣogbo kò ní rí èyí bí nǹkan tuntun: aṣọ tó pẹ́ nínú ìkòkò aró àti èyí tí wọ́n yọ kíá kì í jọra.

Àtẹ́lẹwọ́ àti tọ́ọ̀ṣì

Ta ni kò ṣe é rí nígbà tó wà lọ́mọdé? Iná lọ, ilé ṣókùnkùn, èèyàn á gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́, á tan án. Gbogbo ìka á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí iná wà nínú wọn. Iná funfun ló wọlé, pupa ló jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé ìyókù mì.

Ìdí tí wọ́n fi yan aró IRDye800CW nìyẹn. Iná búlúù àti ti ewé kì í rìn jìnnà nínú ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ ń gbà á. Pupa ń rìn díẹ̀. Èyí tó kọjá pupa, tí ojú èèyàn kò rí rárá, láàárín náánómítà 700 sí 900, ló ń rìn jìnnà jù. Tó bá sì tún kọjá ìyẹn, omi inú ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ojú ọ̀nà tóóró kan báyìí ló wà, inú rẹ̀ ni IRDye800CW ń tàn sí. Ẹran ara fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn níbẹ̀, nítorí náà ìyọnu tó bá Coons ní 1941 kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àmọ́ bí ojú kò bá rí i, báwo ni dókítà ṣe máa rí i? Kámẹ́rà ló ń rí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń fi àwọ̀ ewé kun ún lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí nǹkan kan tó jẹ́ aláwọ̀ ewé lára aláìsàn. Iná tíátà tí wọ́n pa, torí kámẹ́rà ni: àwọn àtùpà ńlá wọ̀nyẹn ní irú ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣeé rí yìí nínú, ó lè bo ohun tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ti fojú rí

Ní Leiden, Netherlands, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni wọ́n dojú kọ. Ántíbọ́dì tí wọ́n lò níbẹ̀, SGM-101, ń wá àmì mìíràn tó ń jẹ́ CEA. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, àwọn aláìsàn 17 kan wà tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ yìí tọ́ ọ̀bẹ sọ́nà fún. Nínú wọn, mẹ́fà ni ètò iṣẹ́ abẹ wọn yí padà nítorí ohun tí kámẹ́rà fi hàn. Ní Groningen, wọ́n fún ogún obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní ántíbọ́dì mìíràn, bevacizumab aláró, mílígíráàmù 4.5 péré, nígbà tó jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ń fi oògùn kan náà wò sàn. Fún ìmọ́lẹ̀ lásán, díẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ òótọ́ kan tí àwọn tó ń polówó iṣẹ́ yìí máa ń yára fò. Àwọn oògùn tó ń tàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láìpẹ́ yìí fún jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ántíbọ́dì. Gleolan, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2017, ohun mímu ni. Aláìsàn á mu ún ní wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó kùn ún lóorun, jẹjẹrẹ inú ọpọlọ á sì pọ́n bí òdòdó lábẹ́ iná búlúù. Nínú ìwádìí Walter Stummer ní Jámánì, tó jáde ní 2006, wọ́n kó gbogbo jẹjẹrẹ tí ẹ̀rọ lè fi hàn tán lára ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó mu ún. Lára àwọn tí kò mu ún, ìdá 36 ni.

Cytalux ti 2021, fọ́létì ni wọ́n so aró mọ́, irú fítámì tí wọ́n ń fún àwọn aláboyún ní kíliníìkì, tó sì wà nínú ẹ̀fọ́. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń jẹ fọ́létì bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́. Philip Low ní yunifásítì Purdue ló ronú pé wọ́n lè fi oúnjẹ dọdẹ rẹ̀. Lára àwọn obìnrin tí wọ́n fi dán an wò, nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí ó kéré tán ẹyọ jẹjẹrẹ kan nínú wọn tí ojú àti ìka kò rí.

Kí ló wá dé tí wọn kò fi ántíbọ́dì sílẹ̀? Torí pé fọ́létì kò ṣiṣẹ́ fún gbogbo jẹjẹrẹ, ohun mímu ti ọpọlọ kò wúlò fún ìfun. Ántíbọ́dì ni wọ́n lè rọ fún àmì yòówù tí wọ́n bá rí. Ní Japan, wọ́n ti lọ jìnnà ju wíwò lọ. Ọdún 2020 ni wọ́n fọwọ́ sí Akalux níbẹ̀: cetuximab kan náà, aró mìíràn, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tan iná pupa sí i, yóò pa sẹ́ẹ̀lì tó so mọ́. Hisataka Kobayashi ló ronú kàn án, nílé ìwádìí jẹjẹrẹ ìjọba Amẹ́ríkà.

Bí aró bá ṣìlé

Ántíbọ́dì mọ àmì, kò mọ jẹjẹrẹ. Nǹkan méjì ni. EGFR wà lára awọ ara wa, ó wà nínú àwọn ibi tó ń pọn itọ́. Cetuximab aláró kò lè mọ̀ pé ibi tí kò kan òun nìyẹn, ó ń so mọ́ wọn, wọ́n sì ń tàn. Ibi tó bá wú nítorí egbò náà lè tàn. Ẹ̀dọ̀ ń tàn, torí ibẹ̀ ni ara ti ń tú oògùn náà ká. Ní Leiden, àwọn ibì kan tàn tí ilé àyẹ̀wò wá wò tí kò rí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Bí dókítà bá ń gé gbogbo ohun tó tàn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó máa gé.

Ìdàkejì rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù: jẹjẹrẹ tí kò ní àmì náà lára. Kò ní tàn rárá, dókítà á sì wo tẹlifíṣọ̀n, á rí eérú, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í sì í wọlẹ̀ lọ títí. Mílímítà mélòó kan ni. Ohun tó bá sá pamọ́ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kámẹ́rà kò ní rí i. Ara ẹlòmíràn tún wà tó máa ń kọ oògùn lójijì. Lumisight, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 fún jẹjẹrẹ ọmú, tí òun náà kì í ṣe ántíbọ́dì, ní ìkìlọ̀ tó le jù lára páálí rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ẹran ara ló máa ń rẹ́rìn-ín jù nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ló sọ fún wa pé ibi tó tàn jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́? Àwọn náà ni.

Ìgò kékeré

Ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, kì í ṣe pé ántíbọ́dì aláró jẹ́ àjèjì. Ó wà nílé àyẹ̀wò, lórí gíláàsì. Bí obìnrin bá ní jẹjẹrẹ ọmú, ántíbọ́dì ni wọ́n fi ń wá àmì mẹ́ta lára ẹran tí wọ́n mú, ibi tó bá so mọ́ á sì yọ àwọ̀ ilẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni àti ti inú tíátà Alabama. Èyí tó wà lórí gíláàsì ló máa ń sọ irú oògùn tó bá ara aláìsàn mu.

Lára àwọn obìnrin wa, jẹjẹrẹ ọmú tí kò ní ọ̀kankan nínú àmì mẹ́ta náà pọ̀ ju ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọ̀rọ̀ wa kò fara sin. Ántíbọ́dì aláró tí wọ́n bá rọ láti wá HER2, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, á kọjá lára jẹjẹrẹ wọn láìkí i. Ẹni tó bá fẹ́ mú kámẹ́rà yìí wá sí ilé wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára àwọn aláìsàn wa. Gíláàsì ló ń sọ ìyẹn, owó gíláàsì náà sì máa ń já sọ́rùn ẹbí aláìsàn.

Mo mọ̀ ọ́n, torí mo ti gbé e rí. Ìgò ike kékeré kan, tí wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹnu rẹ̀, ni wọ́n fún mi nílé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹran láti ọmú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Ìjẹ̀bú, ló wà nínú rẹ̀, nínú fọ́málìn. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sílé àyẹ̀wò, kí n sanwó níbẹ̀. Nínú dánfó, mo gbé e sórí itan, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá oyin ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì fi dé. Ìwé náà gùn, èdè òyìnbó ni, mo wá jókòó ti Màmá Ìjẹ̀bú lórí ibùsùn wọn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀. Mo débi tó burú, mo ní, “Wọ́n ní etí rẹ̀ kò mọ́, mà.”

Wọ́n wò mí. “Etí kẹ̀? Ọmú ni wọ́n gé. Kí ló kan etí mi?”

Ẹ̀rín pa mí, ó pa àwọn náà. Lẹ́yìn náà, mo fa ìwé kan yọ, mo ya ọmú fún wọn, mo ya kókó tí wọ́n gé, mo fi bírò pupa tọ etí rẹ̀ yí po. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn. Wọ́n ní kí n fi bírò náà tọ́ka sí ibi tó kù fún àwọn. Mo gbé bírò sókè, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.